Ọbẹ̀ Elégédé Tó Kọ́kọ́ Korò

Kò sí ọmọkùnrin kankan ní ìlú Douala yìí, láti àdúgbò Madagascar tí à ń gbé títí dé Yassa níbi tí ìlú ti ń tán lọ, tó lè se ọbẹ̀ bíi tèmi. Mi ò parọ́. Ẹni tó bá ní òun lè se é, kó gbé ìkòkò tiẹ̀ wá. Ọwọ́ mi yá, imú mi mú, ahọ́n mi sì ti máa ń mọ bí iyọ̀ ṣe máa tó kí iyọ̀ tó kan omi. Ìwé nìkan ni ò bá mi lára mu. Wọ́n fi Faransé kọ́ mi, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ mi, gbogbo ẹ̀ gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde, mo bá fi ilé ìwé sílẹ̀ kó tó fi mí sílẹ̀. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ẹnu ìyá mi ni mo ti kó o. Tí mo bá ṣì í kọ, ìyá mi ni kẹ́ ẹ bá wí.

Ọbẹ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọbẹ̀ elégédé ni. Elégédé, wàrà àgbọn, ata, ewé tíì. Àwọn ará Tàílándì ló ni ín, ní ọ̀nà Ṣáínà lọ́hùn-ún. Mi ò débẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ mi ò tíì kọjá ìlú Limbe tó wà nítòsí wa níbí. Síbẹ̀ mo sè é, ní kíṣìnì ìyá mi, níbi tí èèyàn méjì ò ti lè dúró pọ̀ kí ọ̀kan má tẹ ẹsẹ̀ èkejì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà mọ́tò tòkunbọ̀, kò jìnnà sílé wa. Epo ẹ́ńjìnnì ti wọ ìka bàbá mi débi pé ọṣẹ ò tún rí i yọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń wò mí, ó ń wò mí, ó wá la ẹnu lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí a jẹun tán.

"Ọmọ tí ò kàwé, tí ò kọ́ṣẹ́, kí ló fẹ́ máa ṣe láyé? Tí oṣù tuntun bá ti wọlé, ìwọ ni wàá máa ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù."

"Dádì, mo ń kọ́ṣẹ́. Oúnjẹ ni mò ń kọ́."

"Oúnjẹ kì í ṣe iṣẹ́. Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi obìnrin náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ìdajì ọ̀rọ̀ Yorùbá náà nìkan ló yé e. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé tí mo bá fi wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ́nrẹ́n, ibẹ̀ ni màá darúgbó sí, láàrín rédíétọ̀ àti bẹ́rín, tí màá máa bá àwọn mẹkáníìkì jiyàn lórí nǹkan tí mi ò fẹ́ràn. Mi ò kórìíra bàbá mi o. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mi ò fẹ́.

Ìyá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é, àtọmọdé àtàgbà. Àdúgbò Makepe ló ń gbé. Láyé ìgbà kan, ó máa ń lọ sí Bangkok, olú ìlú Tàílándì, lọ kó aṣọ wá tà. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ó jáwọ́ nínú ìrìnàjò, ó ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan síwájú ilé ẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń wá ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì. Bí ìsìn ṣe parí lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ti wà nílẹ̀ gbọrọ níwájú ẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Mọ́mì, mo gbọ́ pé ẹ ń wá ẹni tó mọ oúnjẹ sè. Ẹ má wá a mọ́. Mo ti dé."

Ó wò mí láti òkè gíláàsì ẹ̀. "Ìwọ. Kí lo mọ̀ ọ́n sè?"

"Kí lẹ fẹ́ jẹ?"

Àwọn ìyá tó dúró tì í bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín, ó wá fi ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ tọ́ka sí mi.

"Ó dáa. Ọbẹ̀ kan wà tí mo máa ń jẹ ní Bangkok, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tí a máa ń dé sí. Elégédé ni wọ́n fi ń sè é. Ó máa ń ta èèyàn lẹ́nu, ó máa ń dùn, ó tún máa ń kan díẹ̀ tó o bá ti gbé e mì tán. Láti ìgbà tí mo ti fìdí mọ́lé, mi ò rí ẹni tó lè sè é fún mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá tẹ̀lé ìyá ẹ wálé tí a bá parí ìsìn. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán nínú àwo, wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí mi ò bá jẹ ẹ́ tán, má wulẹ̀ bá mi sọ ọ́ mọ́."

"Mo mọ̀ ọ́n sè dáadáa," ni mo wí.

Mi ò mọ̀ ọ́n sè. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ní kóun kọ́kọ́ mọ nǹkan kóun tó sọ pé òun mọ̀ ọ́n, ẹlòmíì á ti gba iṣẹ́ lọ.

Fóònù mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mo wá fídíò, mo rí obìnrin kan tó ń sè é níta gbangba, èdè tó ń sọ ò yé mi rárá. Ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń wò. Ó gún ata pupa, aáyù, àlùbọ́sà kéékèèké àti atalẹ̀ pọ̀ nínú odó. Ó da wàrà àgbọn tó ki sínú ìkòkò, ó da ata tó gún lé e, ó ń rò ó títí òróró fi yọ lójú ẹ̀. Mo ní, ṣé bí àwa náà ṣe máa ń dín ata nìyẹn. Ó wá mú koríko gígùn kan, ó fi ìdí ọ̀bẹ fọ́ ọ, ó jù ú sínú ìkòkò. Mo dá fídíò dúró. Mo fẹ̀ ẹ́. Ewé tíì ni, ewé tí ìyá mi máa ń sè fún wa tí ibà bá mú wa. Nígbà tó parí, ó já ewé kan lé e lórí, mo tún fẹ̀ ẹ́, ó jọ ẹfinrin bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ọkàn mi bá balẹ̀. Mo ní àwọn èèyàn yìí kì í ṣe àlejò. Nǹkan tí àwa fi ń lé ibà ni wọ́n fi ń jẹun.

Ìyá mi ni ò gbà.

"Kí la máa fi jẹ ẹ́?"

"A ò ní fi nǹkan kan jẹ ẹ́, Màámi. Ṣíbí la máa fi mu ún."

"Ọbẹ̀ tí ò ní òkèlè. Omi ìṣanwọ́ nìyẹn, bàbá mi."

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sọ́jà. Mo ra elégédé ńlá kan tí mo gbé léjìká bí ọmọ tó sùn. Mo ra àgbọn méjì, mo ra ọsàn wẹ́wẹ́, mo ra edé gbígbẹ torí mi ò mọ ibi tí màá ti rí omi ẹja oníyọ̀ tí obìnrin inú fídíò yẹn dà sí tiẹ̀. Ewé tíì nìkan ni mi ò rí. Òjò ti ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹrẹ̀ ti di ọ̀nà, àwọn tó máa ń gbé e wá láti oko ò wá. Ìyá kan sọ fún mi pé kí n yí sí ẹ̀yìn ọjà lọ wò. Mi ò lọ. Èmi kì í yí ọjà po lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní tó bá di àárọ̀, màá rí i.

Ilẹ̀ mọ́, mi ò rí i. Bàbá àti ìyá mi ti wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti lọ. Èmi àti àbúrò mi ló kù nílé, torí ibà ti dá a gúnlẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ó wé ara ẹ̀ mọ́ aṣọ lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ó ń wò mí gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnì bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

"Grand, ṣé o mọ nǹkan tó o ń ṣe?" Bó ṣe máa ń pe èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìyẹn.

"Sùn jàre."

Mo bẹ elégédé, mo gé e, mo gbé ìdajì ẹ̀ kaná, mo ní ìyẹn á tó wa. Mo rin àgbọn kan, mo fún wàrà ẹ̀, mo gún ata. Nígbà tí mo da ata yẹn sínú wàrà tó ń hó, òórùn tó jáde kúrò nínú ìkòkò náà ló mú kí aládùúgbò wa tó wà lódìkejì ògiri béèrè ohun tí à ń sè. Mo ní kó fara balẹ̀. Ewé tíì nìkan ló kù.

Mo bá wo igun kíṣìnì, mo rí ìkòkò dúdú ìyá mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Ewé tíì ló kún ojú omi bámúbámú, òórùn ẹ̀ sì lọ tààrà sí imú mi. Kí ni mo tún ń wá kiri? Ewé tíì tí wọ́n ti bá mi sè sílẹ̀ nìyí. Mo mú asẹ́, mo bu ife ńlá kan, mo dà á sínú ọbẹ̀. Ó hó, mo rò ó, mo kán an sí àtẹ́lẹwọ́ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, mo lá a. Ata gbá mi lẹ́nu, mi ò mọ nǹkan míì. Mo bu díẹ̀ fún àbúrò mi.

Ó tọ́ ọ wò. Ojú ẹ̀ rún.

"C'est amer," ló wí. "Grand, ó korò. Ó korò bí... oògùn mi, tí Mama ń fún mi mu láàárọ̀."

"Oògùn wo?"

Ó fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Mo padà lọ ṣí ìkòkò yẹn. Mo ki ṣíbí bọ abẹ́ ewé tíì. Ewé ìbẹ́pẹ jáde. Mo tún ki í bọ̀ ọ́, dógóyárò jáde, pẹ̀lú èèpo igi kan tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ìyá mi ò fi ewé tíì nìkan se àgbo rí láyé ẹ̀, ta ló máa wá sọ fún mi? Ewé tíì ló fi bo ojú àwọn tó kù. Mo tún ọbẹ̀ mi tọ́ wò, ní sùúrù lọ́tẹ̀ yìí. Ó korò gan-an.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo rí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi níwájú mi kedere, mo rí ara mi nínú ẹ̀, mo fi àkísà nu bẹ́rín.

"Mọ́mì á máa bọ̀ tí ìsìn bá parí," ni àbúrò mi wí. "O fẹ́ sunkún?"

"Ta ló fẹ́ sunkún? Gba àgbọn yìí, máa rin ín."

"Mo ń ṣàìsàn."

"Jókòó rin ín."

Ó jókòó, pẹ̀lú aṣọ tó wé mọ́ra, ó ń rin àgbọn kejì. Mo bu ìdajì ọbẹ̀ náà jù sẹ́yìnkùlé. Mo gbé elégédé tó ṣẹ́kù kaná títí ó fi rọ̀, mo dà á mọ́ ọn, mo da wàrà tuntun lé e, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo fi ṣúgà díẹ̀ sí i, mo gún edé sí i. Ó kù kí n lọ̀ ọ́ kó kúnná. Mo gbé bùlẹ́ńdà jáde, mo ki okùn ẹ̀ bọ ògiri, mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Wọ́n ti mú iná lọ.

Ẹni tó bá mọ Douala mọ̀ pé bíbéèrè ìgbà tí iná máa dé dà bíi bíbéèrè ìgbà tí òjò máa dá. Mo wo ògiri. Ìjábẹ̀ ìyá mi so kọ́ síbẹ̀, ìgbálẹ̀ kékeré tí à ń fi ja ewédú. Mo mú un. Mo ki í bọ inú ìkòkò, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i, mò ń yí i, mò ń yí i. Elégédé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ó ń fà, ó ń ki, kò kúnná bíi ti fídíò, ṣùgbọ́n ó pọ́n, ó ń dán. Apá ro mí. Mo tọ́ ọ wò. Ìkorò ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti sá lọ sí ọ̀nà ọ̀fun, bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mò ń já ẹfinrin lé e lórí lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà.

Òun àti àwọn òbí mi wọlé. Wọ́n kí wa, wọ́n béèrè àlàáfíà àbúrò mi, wọ́n jókòó. Bàbá mi ní, "Oúnjẹ gidi ńkọ́?" Ìyá mi ò wojú mi, ó wọ yàrá, ó gbé kúlà jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti se ìrẹsì pamọ́ sínú ẹ̀ láti ìdájí. Ìyá tó bí mi.

Mo gbé ọbẹ̀ síwájú Mọ́mì nínú àwo tó jinlẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí. Ó kọ́kọ́ kán an sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ó bu ṣíbí kan, ó gbé e mì.

"Ó korò," ló wí.

Àbúrò mi wúkọ́ lábẹ́ aṣọ. Ìyá mi na ọwọ́, ó gba ṣíbí ọbẹ̀, òun náà kán an sí àtẹ́lẹwọ́. Ó lá a. Ó wò mí. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ṣé o bu àgbo mi?"

"Díẹ̀ ni, Màámi."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ fìlà. "Ó se àgbo fún àlejò," ló ń wí, "ẹ wá wo olóúnjẹ. Mọ́mì, ibà ò ní mú yín títí ọdún á fi yí po."

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni Mọ́mì wí. Ó tún bu ṣíbí kan. "O bu àgbo ibà sínú ọbẹ̀ mi?"

"Mi ò mọ̀ pé ewé míì wà lábẹ́ ẹ̀, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n mo ti tún un ṣe."

"Báwo?"

Mo sọ fún un. Ìdajì tí mo dà nù, elégédé tí mo fi kún un, àgbọn kejì, ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ń gbọ́, ó ń bu.

"Iná ò sí. Kí lo fi lọ̀ ọ́?"

"Ìjábẹ̀ ni."

Ó wo inú àwo. "Tàwọn ará ibẹ̀ máa ń kúnná bí oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Kì í kúkú tẹ́ mi lọ́rùn. Mo máa ń wá nǹkan tí màá fi eyín kàn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ibẹ̀ fún ìyá mi, bí òjò wọn ṣe jọ tiwa, bí obìnrin tó ń ta ọbẹ̀ náà ṣe máa ń dá òun mọ̀ láàrín èrò, tó máa ń fi ata kún tòun láìjẹ́ pé òun sọ. Ó ń sọ ọ́, ó ń bu, ó ń nu òógùn imú. Bàbá mi ti ń jẹ ìrẹsì tiẹ̀ lọ. Èmi ò lè jẹ nǹkan kan. Ọwọ́ Mọ́mì ni mò ń wò.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí i.

"Mọ́mì," ló wí, "àwo yín ti tán."

Gbogbo wa wo àwo. Mọ́mì náà wò ó, bí ẹni pé ẹlòmíì ló jẹ ẹ́. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mi ò sọ pé kò korò o. Ó korò. Mo sáà ti jẹ ẹ́ tán." Ó kọjú sí mi. "Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí n rí ẹ ní Makepe. Má gbé àgbo dání."

Bàbá mi dáwọ́ oúnjẹ dúró. "Mọ́mì, ṣọ́ọ̀bù ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ yá mi ní ọmọ yìí fún oṣù kan, bàbá ẹ̀. Màá jẹ́ kó máa se ọbẹ̀ yìí ní ọjọ́ Ẹtì. Tí oṣù bá parí, tí kò sí ẹni tó la ẹnu ara ẹ̀ béèrè fún un, ẹ wá mú un."

Bàbá mi rò ó. Ó na ṣíbí sínú àwo mi, ó bu ọbẹ̀ náà, ó tọ́ ọ wò. Kò sọ pé ó dùn, kò sọ pé kò dùn. Ó ní, "Oṣù kan." Ó wá tún bu ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Oṣù yẹn ló ń parí lọ yìí. Àràárọ̀ ni mò ń wọ takisí lọ sí Makepe, àwa mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, mo sì ti mọ ibi tí màá jókòó sí tí ìgbọ̀nwọ́ èèyàn ò fi ní gún mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń bó jù. Mo ń fọ ìkòkò, mo ń yọ ìpẹ́ ẹja, àwọn oníbàárà ń béèrè ndolé, ọbẹ̀ ewúro tí wọ́n ń fi ẹ̀pà sè níbí, wọ́n ń béèrè ẹja yíyan. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń se ọbẹ̀ mi, pẹ̀lú ewé tíì tí mo fi ojú ara mi rí látòkè dé ìdí. Mọ́mì máa ń bu díẹ̀ díẹ̀ fún wọn sínú ife kékeré láti tọ́ wò, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á mu ún, wọ́n á mirí, wọ́n á padà sídìí ndolé. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn nìyí. Láàárọ̀, bàbá mi gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé orí tábìlì níbi tí màá ti rí i. Èmi náà ò mú un. Ọbẹ̀ ti òní dáa ju gbogbo èyí tí mo ti ń sè lọ, ìjábẹ̀ ni mo ṣì fi ja á, bó tiẹ̀ jẹ́ pé bùlẹ́ńdà Mọ́mì wà níbẹ̀, iná sì wà.

Orí páálí ọtí ni mo jókòó sí lẹ́yìn kíṣìnì, tí mò ń tẹ èyí sórí fóònù. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ń fún wàrà àgbọn kó lè ki, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n, omi gbígbóná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́

Ẹ dúró ná. Obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ níwájú. Èyí tó mu ife kékeré lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, mo mọ ohùn ẹ̀, ó mú ẹnì kan wá. Ó ń sọ fún Mọ́mì pé òun ò jẹ ndolé lónìí, ọbẹ̀ pupa yẹn lòun fẹ́, èyí tó ń tani. Àwo méjì. Mọ́mì ń pè mí. Mo ní láti máa lọ.